Bí A Ṣe Ń Wọn Ìyàtọ̀ Ìrísí Eégbọn Ajá Láti Ìlú Kan Dé Òmíràn

Bí ènìyàn bá já eégbọn lára ajá kan ní Àkúrẹ́, tó já òmíràn lára ajá mìíràn ní Ìkàrẹ́, tó wá tẹ́ méjèèjì sórí bébà funfun, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó dọ́gba. Ọ̀kan lè rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí kóro ẹ̀wà, kí èkejì sì rí pẹlẹbẹ bí èèpo rẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ìlú ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, àbí ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀kan ti mu yó tí èkejì kò tíì fẹnu kàn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, fún àwọn tó ń tọ́jú ẹran, àti fún ẹnikẹ́ni tó ní sùúrù láti wọn eégbọn lọ́nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi dúró bí ẹlòmíràn bá tún un wọn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó dára fún irú iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Láti etí òkun àti àbàtà Ìlàjẹ, gba inú igbó kìjikìji ní agbègbè Oǹdó àti Ìdànrè, títí dé ilẹ̀ Àkókó níbi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dàn, ńṣe ni òjò ń dín kù bí a ṣe ń lọ sókè, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń gùn sí i. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀rọ̀ omi ká eégbọn lára gidigidi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, kì í ṣe orí ẹran ló ti ń lò ó. Inú ihò ara ògiri, abẹ́ ewé tàbí ẹsẹ̀ koríko ló ti ń dúró de ẹni tí yóò kọjá, gbígbẹ sì ni ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀. Ìkòkò ńlá tó kún fún omi kì í tètè gbẹ bí ife kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni eégbọn tí ara rẹ̀ tóbi ṣe ń fara da ọ̀dá ju kékeré lọ.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lọ nípa èyí wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, lára eégbọn etí màlúù tí wọ́n ń pè ní Rhipicephalus appendiculatus, èyí tí a kì í bá pàdé ní Nàìjíríà. Àwọn tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé kéré, wọ́n sì ń bí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Àwọn tó wà ní ìhà gúúsù, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pẹ́, tóbi jù wọ́n lọ, àwọn tó ti dàgbà nínú wọn a sì máa dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọn kì í wá ẹran kiri títí òjò yóò fi padà. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, ojú ọjọ́ ló kọ́ wọn ní ìwà méjì.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ di ẹ̀yà kan ṣoṣo mú. Èyí tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀ ni eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí Latreille ará ilẹ̀ Faransé fún ní orúkọ ní ọdún 1806, tí ìwé púpọ̀ sì ń pè ní Rhipicephalus sanguineus. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé láti ìgbà tó bá wà ní ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ 6, títí tó fi di ọ̀dọ́ ẹlẹ́sẹ̀ 8, títí tó fi dàgbà tán, ajá náà ló sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń gun ẹran tó sì ń jábọ́. Oúnjẹ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà ìdààmú kan ti kúrò nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni a ń wò, Amblyomma variegatum tó wà lára màlúù ni ǹ bá yàn, nítorí pé ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó, ilà dúdú là á já, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní òrùka funfun bíi ti ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè gun ẹyẹ kó tó dàgbà gun màlúù, lékeélékeé sì wà lára àwọn ẹyẹ tó ń gbé e rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi màlúù kó o láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé àwọn erékùṣù Kàríbíánì, lékeélékeé wà lára ohun tó tàn án láti erékùṣù kan dé òmíràn. Ẹni tó ń wọn eégbọn tó ń fò lórí ẹyẹ kò lè fi ìdánilójú sọ ìlú tí ó ti wá.

Ẹ rí i dájú pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ẹ̀yà méjì tó dàpọ̀. Ìpìlẹ̀ ẹnu eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀ ní igun mẹ́fà bí a bá wò ó láti òkè, ojú kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, kò sì ní àwọ̀ mèremère kankan. Èyí tó máa ń da àwọn olùbẹ̀rẹ̀ láàmú ni Haemaphysalis leachi, eégbọn ajá tó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Òun kò ní ojú rárá, àwọn ọwọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sì yọ síta ní ìsàlẹ̀ bí ìyẹ́ apá. Bí ẹ bá kó àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ara wọn, ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí yóò pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú ibùgbé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ajá ti wá ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù lọ. Lọ́jọ́bọ̀ kan ní àdúgbò Ìjọ́kà ní Àkúrẹ́, mo bá màmá kan lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí wọn, mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹ bá fẹ́ yọ eégbọn lára ajá yín, mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwọ̀n ni.” Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àwọn ènìyàn ń wọn gààrí, ìwọ ń wọn eégbọn.” Wọ́n dìde, wọ́n fi orúnkún méjèèjì há ajá náà mọ́lẹ̀, wọ́n di ẹnu rẹ̀ mú fún mi. Mo rí mẹ́rin láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú, mo rí méjì nínú etí, mo kó wọn sínú ìgò, mo dé e. Ìgbà tí mo fẹ́ máa dìde ni mo tó rántí bèèrè ibi tí wọ́n ti rí ajá náà. Wọ́n ní, “Òkìtìpupa ni. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú.”

Láti ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ abo eégbọn tó ti dàgbà lè so mọ́ ara ajá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yó. Eégbọn Òkìtìpupa ni mo fẹ́ kọ orúkọ Àkúrẹ́ sí lára yẹn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè nípa ajá ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó mú ẹ̀mú jáde. Ìlànà mi ni pé kí ajá náà jẹ́ èyí tí wọ́n bí sí ìlú náà, tàbí èyí tó ti lé ní ọdún kan níbẹ̀, tí kò sì sí ajá tuntun tó wọ agbo ilé náà láàárín ìgbà yẹn. Ó lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n eégbọn ajá tí kò tíì jẹun lè wà láàyè nínú ihò ògiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ yẹra fún ajá ọjà pátápátá. Ní ìlú Oǹdó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ajá bọ Ògún, tí wọ́n sì ń jẹ ẹran rẹ̀, ajá tó wà ní ọjà lónìí lè jẹ́ èyí tí ọkọ̀ kó dé láti òkè Ọya ní àná.

Ohun èlò kò pọ̀. Ẹ nílò ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ̀mú kékeré onímú tín-ín-rín irú èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, àwọn ìgò kékeré tó ní ìdérí tó le, àti ethanol, ìyẹn ògidì ọtí, tí a fi omi là títí tó fi jẹ́ 70 nínú 100. Bí ẹ bá ń rò ó pé ẹ lè fi àwọn kan ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA lọ́jọ́ iwájú, ẹ pa díẹ̀ mọ́ sínú èyí tí kò dín ní 95 nínú 100. Ẹ fi ẹ̀mú mú eégbọn náà níbi tó sún mọ́ awọ ajá jù lọ, kí ẹ sì fà á sókè gbọọrọ láìyí i, nítorí pé ẹnu rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ fẹ́ wọn, bí ó bá sì ṣẹ́ kù sínú awọ, eégbọn náà kò wúlò mọ́. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná sí i, ẹ má sì fi èékánná pa á, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè ní kòkòrò àrùn. Àwọn àgbà máa ń bèèrè pé bí eégbọn bá so mọ́ ayínrín nímú, ṣé adìẹ ni yóò já a? Bí ajá náà bá ń gbó tó ń fẹ́ gé ènìyàn jẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún olúwa rẹ̀ tàbí fún dókítà ẹran.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ àkọlé, sórí bébà kékeré tí ẹ ó jù sínú ìgò náà gan-an, kì í ṣe ara ìgò nìkan. Mo ti jìyà èyí rí. Ìgò méje ni mo kó bọ̀ láti Ọ̀wọ̀, báírò ni mo sì fi kọ gbogbo àkọlé rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, omi inú wọn ti di búlúù, bébà inú wọn sì ti funfun báláú. Eégbọn wà níbẹ̀ pérépéré, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè sọ ilé tó ti wá, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tó yẹ kó wà lórí bébà náà ni ọjọ́, ìlú, àdúgbò, nọ́ńbà ajá, ibi tí eégbọn so mọ́ lára ajá, irú ilé tí ajá ń sùn sí, ìyẹn ilé amọ̀ tàbí ilé búlọ́ọ̀kù, àti ìgbà tí wọ́n lo oògùn eégbọn fún un kẹ́yìn. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ilé. Eégbọn yìí fẹ́ràn láti máa gbé pẹ̀lú ènìyàn nínú ògiri, ara ohun tó sì jẹ́ kí ó lè tàn ká gbogbo ayé nìyẹn; afẹ́fẹ́ inú ilé lè jẹ́ kí eégbọn Ìkàrẹ́ má mọ̀ rárá pé ọyẹ́ ń mú níta.

Ó kan ìwọ̀n gan-an. Ní orí ẹ̀yìn eégbọn, ibì kan wà tó le bí èékánná, tí mo máa ń pè ní asà. Lára akọ, asà bo gbogbo ẹ̀yìn pátá. Lára abo, iwájú nìkan ló bò, ìyókù ara sì rọ̀ kí ó lè fẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọlé. Eégbọn ajá tó dàgbà tí kò tíì jẹun gùn tó nǹkan bíi mílímítà 3, abo tó bá yó bámúbámú sì lè lé ní mílímítà 11, ṣùgbọ́n asà rẹ̀ kò ní fi ìwọ̀n irun kan fẹ̀ sí i láàárín ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi wọn gígùn ara abo láéláé. Asà ni ká wọn, nítorí pé ìgbà tí eégbọn bọ́ awọ kẹ́yìn tó sì dàgbà ni ìwọ̀n asà ti dúró. Síbẹ̀, ẹ rántí pé ọ̀dọ́ eégbọn tí ajá họ dànù kó tó yó yóò di àgbà kékeré, ibi yòówù kó ti wá. Asà ń sọ bí wọ́n ṣe tọ́ eégbọn náà dàgbà, ibùgbé sì jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú yẹn.

Ẹ lo maikirosíkóòpù tó ní rúlà kékeré nínú ojú awò rẹ̀. Kí ẹ tó wọn eégbọn kankan, ẹ kọ́kọ́ gbé rúlà ojú awò náà lé orí gíláàsì ìwọ̀n tí wọ́n pín mílímítà 1 orí rẹ̀ sí ọ̀nà 100, kí ẹ sì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo agbára ìsọǹkandi-ńlá tí ẹ fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ iyanrìn odò títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sẹ́ ẹ kó kúnná, ẹ dà á sínú àwo kékeré, kí ẹ da ethanol lé e kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Inú iyanrìn yìí ni eégbọn yóò jókòó sí. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ikùn rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́jú sókè. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tẹ́jú nígbà tí etí asà ní ọ̀tún, ní òsì, níwájú àti lẹ́yìn bá hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá mọ́ tí èkejì sì ṣókùnkùn, ó ti dagun nìyẹn. Ìdagun yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé asà tó gùn ní mílímítà 3, bí ó bá fi dígíríì 20 dagun, mílímítà 2.82 ni yóò hàn sí yín. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè gbé ìyàtọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ sọ pé òjò ló fà á.

Ìwọ̀n márùn-ún tó: gígùn asà, fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, gígùn ẹnu láti ìpìlẹ̀ dé orí, fífẹ̀ ìpìlẹ̀ ẹnu, àti gígùn oríkèé tó gbẹ̀yìn lára ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára abo. Kí ẹlòmíràn fi nọ́ńbà bo orúkọ ìlú lára ìgò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó mọ̀ pé eégbọn Àkókó ni òun ń wò, tó sì ti ń retí pé kó tóbi, ojú rẹ̀ yóò bá a sọ ọ́ di ńlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú 20 nínú wọn, kí ẹ tún wọn wọ́n láìwo ìwé ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìgbà méjèèjì ni àṣìṣe ọwọ́ yín, ìyàtọ̀ ìlú tí kò bá sì ju ìyẹn lọ kò tíì tó ohun tí à ń kéde.

Ní ti àwọ̀, ethanol ń ṣá a, nítorí náà ẹ ya fọ́tò kí eégbọn tó wọ ìgò, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà nígbà gbogbo. Ìlà eyín orí ahọ́n rẹ̀ ẹ lè kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ni ìyẹn sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe ìlú. Lára àwọn eégbọn kéékèèké orí màlúù, Rhipicephalus decoloratus ní ìlà eyín 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, Rhipicephalus microplus sì ní 4. Bí ẹ bá rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ yẹ ìdánimọ̀ yín wò.

Eégbọn mélòó ló tó? Abo kan lè yé ẹyin tó tó 4,000, nítorí náà 20 tí ẹ já lára ajá kan lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìdílé kan ṣoṣo ni ẹ wọn, ẹ kò tíì wọn ìlú. Ó sàn kí ẹ mú mẹ́ta mẹ́ta lára ajá 10 tí wọn kò gbé agbo ilé kan náà ju kí ẹ kó 30 lára ẹyọ kan lọ. Ẹ wá ìwọ̀n agbedeméjì fún ajá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni kí ẹ sì fi wé ti ìlú mìíràn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà, kí eégbọn ìgbà òjò má bàa wá bá ti ìgbà ọyẹ́ díje.

Mo tún fẹ́ tako àṣà kan tó wọ́pọ̀. Ìlú méjì kò tó. Àkúrẹ́ àti Ìkàrẹ́ yàtọ̀ ní òjò, ní ilẹ̀, ní irú ajá, ní bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo oògùn, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìlú méjì péré mọ èyí tó fa ìyàtọ̀ nínú gbogbo wọn. Bí apá bá ká a, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà láti Ìgbókòdá, sí Òkìtìpupa, sí Oǹdó, sí Àkúrẹ́, sí Ọ̀wọ̀, títí dé Ìkàrẹ́. Bí asà bá ń fẹ̀ sí i ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé bí òjò ti ń dín kù, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí ti Ọ̀wọ̀ nìkan bá yọrí láàárín wọn, ẹ lọ wo ajá Ọ̀wọ̀ dáadáa kí ẹ tó wo ojú ọ̀run.

Ẹ kọ ìwọ̀n sórí bébà gíráàfù, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ajá kọ̀ọ̀kan ní àmì kan. Ojú lásán ti tó láti rí i bóyá àmì ìlú méjì wọnú ara wọn tàbí wọ́n jìnnà síra. Ẹ tún fi gígùn asà pín fún fífẹ̀ rẹ̀, nítorí pé eégbọn tó kàn tóbi nítorí oúnjẹ sábà máa ń tóbi ní gígùn àti ní fífẹ̀ pọ̀, èsì ìpín náà kò sì ní yí púpọ̀. Ibi tí èsì bá ti yí ni ìrísí gan-an ti yí, ìyẹn sì wúwo lójú mi ju títóbi lásán lọ.

Ẹ má yára fún un ní orúkọ tuntun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ya eégbọn àgbọ̀nrín ti ìhà àríwá sọ́tọ̀ ní ọdún 1979, wọ́n pè é ní Ixodes dammini. Nígbà tó di 1993, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ti Massachusetts àti ti Georgia ń gun ara wọn, wọ́n sì ń bímọ, orúkọ náà sì padà wọnú Ixodes scapularis. Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí eégbọn ajá tiwa yìí. Lójú lásán, ti Bùràsíìlì àti ti Ajẹntínà jọra, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú wọn gun ara wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí yàgàn. Ní 2018, wọ́n fi eégbọn láti ilẹ̀ Faransé dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orúkọ sanguineus, nígbà tó sì di 2021, wọ́n fún èyí tó ń gbé àwọn ilẹ̀ olóoru ní orúkọ Rhipicephalus linnaei, orúkọ kan tó ti wà nílẹ̀ láti 1826. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀n Àkúrẹ́ wé ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àtijọ́ láti Yúróòpù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yà méjì ló lè wà lábẹ́ orúkọ kan náà níbẹ̀.

Èyí ló fà á tí ẹ kò fi gbọdọ̀ da eégbọn nù lẹ́yìn ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ kan péré tó fún àyẹ̀wò DNA, ìyókù ara sì lè wà fún ẹni tó bá fẹ́ tún un wọn. Ẹ to àwọn ìgò sínú páálí níbi tí oòrùn kò ti lè dé, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, kí ẹ sì máa ṣí wọn wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ethanol ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìdérí tilẹ̀ le, pàápàá nígbà ọyẹ́, eégbọn tó bá sì gbẹ sínú ìgò yóò ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí a bá fọwọ́ kàn án.